Bàtà Tí Mo Bọ́ Sétí Òkun

Nígbà tí Auntie ní ká lọ pàgọ́ sétí òkun, ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré ló kù fún mi nílùú òyìnbó. Kì í ṣe pé mo ṣẹ ẹnikẹ́ni o. Ilé iṣẹ́ tó mú mi wá láti máa tọ́jú àwọn arúgbó ni ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́tà dé, ó ní bí n kò bá rí ilé iṣẹ́ mìíràn tó máa fi ìwé tirẹ̀ gbà mí láàárín ọgọ́ta ọjọ́, kí n máa lọ sílé mi. Lẹ́tà náà kò gùn rárá, ìlà mẹ́fà ni, mo sì ti kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí bí ọmọ iléèwé ṣe ń mọ Sáàmù.

Kí n máa lọ sílé mi. Gbólóhùn yẹn ló ń pa mí. Ṣé wọ́n mọ bí mo ṣe kúrò nílé ni? Olùkọ́ ìjọba ni mí ní Ìkirè, ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì. Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọ̀gá iléèwé wa sì bẹ̀ mí kí n tún un rò, mo ní rárá. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ìyá mi, tó jẹ́ pé èmi nìkan ló kù fún un, jó láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé iwájú pẹpẹ. Gbogbo ìjọ nawọ́ sí mi, wọ́n ní kí n lọ ire. Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò ò ti pe ìyá mi lórúkọ mọ́, Ìyá London ni wọ́n ń pè é, á sì dáhùn láti inú yàrá. Ẹni tí wọ́n sìn jáde báyẹn, ṣé ó kàn lè gbé báàgì padà wọlé lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀ kó ní ẹ kú ilé? Mo sọ fún ara mi nínú ọkàn mi pé kàkà kí n padà báyìí, ó sàn kí n má sí mọ́. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹwàá, ẹ̀rù ò bà mí mọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Woolwich ní London, ẹ̀rín ló pa mí. Mo ti múra sílẹ̀ de òyìnbó, àfi bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bá ẹni tó ń ta iṣu jà, tó ń fi ẹnu Ìjẹ̀bú bú u. Mo ní, àbí ibi tí mo torí ẹ̀ sunkún ní pápákọ̀ òfurufú nìyí? Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé ariwo Yorùbá lójú títì kò ní kí èèyàn má dá wà nínú yàrá. Ní Thamesmead tí mò ń gbé, ilé pọ̀, omi wà láàárín ilé, pẹ́pẹ́yẹ ń rìn lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n èèyàn ò sí níta. Kálukú wọ mọ́tò tàbí bọ́ọ̀sì, ó dé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kí aládùúgbò wa kan kó tó dá mi lóhùn, ohun tó sì sọ ni pé ìdọ̀tí tí wọ́n máa ń wá kó lọ́jọ́bọ̀ la ti gbé síta lọ́jọ́rú.

Bàbá àkọ́kọ́ tí mo tọ́jú ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ní kí n máa pe òun ní Roy. Ahọ́n mi kọ̀. Mo pè é ní Daddy, mo sì kúnlẹ̀ gbé tíì fún un. Bàbá wo ilẹ̀ títí, ó rò pé nǹkan mi kan ló bọ́ tí mò ń wá a. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí mo bá yára tí mo gbàgbé láti kúnlẹ̀, á bi mí pé ṣé orúnkún ló ń dùn mí ni. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, ìṣẹ́gun ńlá ni mo ka ìyẹn sí. Ọjọ́ tí ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ wa lọ, wọ́n rán ẹlòmíràn sí Daddy, wọn ò jẹ́ kí n dágbére fún un.

Ọgọ́ta ọjọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo kọ̀wé síhìn-ín, mo kọ̀wé sọ́hùn-ún. Mo fẹsẹ̀ rìn gbogbo Nathan Way, láti ilé ìkẹ́rùsí dé ilé búrẹ́dì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n á ní ṣé mo níwèé. Tí mo bá ti ń ṣàlàyé irú ìwé tí mo nílò, ẹ̀rín á kú lójú wọn. Kò sẹ́ni tó bú mi o. Ó ti sú mi kí wọ́n máa fi ohùn jẹ́jẹ́ lé mi.

Auntie tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àbúrò ìyá mi. Yàrá òkè ilé rẹ̀ ni mò ń gbé. Ó ń wa bọ́ọ̀sì, ó sì tún jẹ́ ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa. Inú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Nathan Way ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà, láàárín ẹni tó ń pààrọ̀ táyà àti ẹni tó ń ta táìlì. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ẹ̀mí gbé wòlíì wa, ó nawọ́ sí mi. Ó ní kí n lọ sétí òkun, kí n wọ sùtánà mi, kí èmi nìkan wọ inú omi, kí n ri ara mi lẹ́ẹ̀meje. Ó ní kí lẹ́tà tó ń dààmú mi wà lábẹ́ Bíbélì létí omi. Mo bi í pé ṣé odò tó wà lẹ́yìn ilé wa níbí ò lè ṣe é. Auntie ló dáhùn.

"Ṣé odò ni wòlíì pè? Òkun ni wọ́n pè. Má bá Ọlọ́run dúnàá-dúrà."

Simi, ọmọ Auntie, ló ní mọ́tò, òun ló sì ni àgọ́. Woolwich ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, 'o' ló sì máa ń pè mí bí ẹni pé a jọ lọ sí iléèwé. Mo ti dẹ́kun bíbínú sí i, torí ọmọ náà láàánú.

"Mum, I'm not driving two hours for seven dips," ló wí. "Tá a bá máa lọ, ká lọ properly. Ká camp, ká wo places. Look at her, she hasn't seen anything since she came. Woolwich and work, that's it."

Mo ní n kò lè máa gbafẹ́ nígbà tí ilé mi ń jó. Auntie bojú wò mí.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ló wí. "Jẹ́ ká lọ."

Bá a ṣe lọ nìyẹn. Nígbà tó di òwúrọ̀ Sátidé, a ti sùn nínú àgọ́ aṣọ kan lórí pápá ní Kent, láàárín àwọn òyìnbó tó kó ọmọ àti ajá wọn wá. Auntie ti wọ́n omi àdúrà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àgọ́ wa, ó tún wọ́n díẹ̀ sí ti aládùúgbò. Ìgbà tí mò ń fọ eyín ni ìyá mi pè mí lórí fídíò.

"Kí nìyẹn lẹ́yìn rẹ?" ló kọ́kọ́ wí. "Ṣé wọ́n lé ọ kúrò nílé ni?"

"Rárá, mà. Ìgbafẹ́ la wá ṣe. Báwọn òyìnbó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, wọ́n á filé sílẹ̀, wọ́n á wá sùn sínú aṣọ."

"Kí ló lé wọn?"

"Kò sí, mà. Ó ń dùn mọ́ wọn ni."

"Olúwa á ṣàánú wọn," ni ìyá mi wí. "Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, mà."

Ó súre fún mi. Mo ṣe àmín. Láti ogójì ọjọ́ ó lé tí mo ti ń parọ́ fún un, kò sí èyí tó dùn mí tó àmín ọjọ́ yẹn.

Etíkun tí wòlíì ò dárúkọ, Simi ló yàn án. Botany Bay ni wọ́n ń pè é. Ògiri òkúta tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ ló yí i ká, funfun bí ẹfun, iyanrìn rẹ̀ sì mọ́. Mo ti ká sùtánà mi sínú àpò. A sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì, pẹ̀lú àbẹ́là, pẹ̀lú lẹ́tà. Ìgbà tá a débẹ̀, òkun ò sí níbẹ̀.

Mi ò bá yín ṣeré. Omi ti sún sẹ́yìn lọ jìnnàjìnnà, ó ku òkúta dúdú àti koríko òkun tó tẹ́ sílẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ. Auntie dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ibo ni wọ́n gbé e lọ?" ló bèèrè.

"It's low tide, Mum. Omi máa padà around four."

Ojú tì mí. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlá ya ayé àti òṣùpá sójú pátákó, tí mo na ọmọ torí pé kò mọ ohun tó ń fa omi òkun síwá sẹ́yìn, kò wá sí mi lọ́kàn kí n bèèrè. Etíkun tí mo mọ̀ l'Ékòó, omi rẹ̀ kì í jìnnà báyẹn. Auntie ní ó dáa, a máa dúró dè é. Simi ní kò sóhun tó ń jẹ́ dídúró, ó ti ṣètò ọjọ́ náà.

Bá a ṣe ń padà sí mọ́tò, ó ń sọ fún mi pé Botany Bay mìíràn wà ní Australia, pé láyé àtijọ́, inú ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lórí odò ní Woolwich wa níbẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n sí, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Australia.

"They were crying not to go," ni Simi wí. "Some of them stole like, bread."

Mo rò ó nínú mọ́tò. Àwọn ń sunkún kí wọ́n má kó àwọn kúrò ní Woolwich, èmi náà ń sunkún ohun kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé èmi gbààwẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Ibi tó tún kó wa lọ ni Reculver, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tó dá dúró létí òkun. Kò ní òrùlé mọ́, ilé ìṣọ́ méjì gíga àti ògiri díẹ̀ ló ṣẹ́kù. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé omi ti jẹ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti gbé nínú ibojì àwọn ará ìgbàanì lọ. Bí Auntie ṣe gbọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Nínú ìjọ wa, kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà sílé Ọlọ́run, kò sì sẹ́ni tó ń wọ bàtà mọ́ sùtánà níbikíbi. Ọwọ́ Auntie le lórí èyí, ó ti lé obìnrin kan kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin rí nítorí ìbọ̀sẹ̀. Ó ń rìn nínú koríko láàárín àwọn àlejò, ó ń gbàdúrà fún àwọn tí omi ti gbé egungun wọn lọ. Èmi dúró létí ibi tí ilẹ̀ ti já. Mo wo ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ tí mo fi wò ó.

"Smile," ni Simi wí lẹ́yìn mi.

Mo yíjú, mo rẹ́rìn-ín, ó ya fọ́tò. Fọ́tò náà dáa. Ẹni tó bá rí i á ní ayé ń yẹ mí.

Ní Margate a ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín. Ẹyẹ òkun kan balẹ̀, ó gbé odindi ẹja Auntie lọ. Auntie fò dìde, ó ní, "Pọ̀ ọ́! Ní orúkọ Jésù!" Gbogbo èèyàn yíjú sí wa. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, kò sì dúró nígbà tí ẹ̀rín tán. Simi rí i. Ó sún mọ́ mi lórí bẹ́ǹṣì.

"Ṣé tí wọ́n bá ní kó o lọ, is it that bad?" ló bi mí. "At least ìwọ, o ní ibi tó o lè padà sí. Me, people say go back home, and I'm like, where? Woolwich?"

Kí ni ọmọ yìí mọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń padà? Òun wà nílé, wọ́n ń sọ fún un pé kì í ṣe ilé rẹ̀. Èmi nílé, n kò lè fojú kàn án. N kò mọ èwo ló sàn nínú àwa méjèèjì.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀, a padà sí Botany Bay. Omi ti dé, ó ti bo gbogbo òkúta dúdú náà. Auntie rántí pé àbẹ́là ṣì wà nínú mọ́tò, òun àti Simi padà lọ mú un, wọ́n ní kí n ti máa bẹ̀rẹ̀, èmi nìkan náà ni wòlíì kúkú ní kó wọ inú omi. Mo bọ́ kóòtù mi, mo ká a dáadáa bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Mo bọ́ bàtà, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo wá gbé sùtánà wọ̀. Mo fi fóònù lé kóòtù, mo fi lẹ́tà lé e, mo gbé Bíbélì lé lẹ́tà. Mo rìn wọ inú omi pẹ̀lú sùtánà mi.

Ó tutù débi tí orúkọ Jésù fi há mi lọ́rùn. Mo ri ara mi lẹ́ẹ̀kan, mo bèèrè ìwé. Lẹ́ẹ̀kejì, mo bèèrè ìwé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, n kò bèèrè nǹkan kan mọ́. Lẹ́ẹ̀keje, mo lọ sísàlẹ̀, n kò sì wá ọ̀nà àtidìde. N kò pinnu rẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo kàn ri ara mi ni, ibi tó yẹ kí n ti dìde, n kò dìde.

Ọwọ́ kan fa aṣọ mi lọ́rùn. Obìnrin òyìnbó kan ni, ẹ̀ṣọ́ etíkun, ṣòkòtò pupa ló wọ̀. Ó fà mí dé orí iyanrìn, mo ń wúkọ́, ẹsẹ̀ mi ti gé lára òkúta. Ó ti kọjá lára ẹrù mi kó tó rí mi. Ó rí bàtà tí wọ́n tò, aṣọ tí wọ́n ká, Bíbélì, lẹ́tà lábẹ́ rẹ̀, ó sì rí obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun tó ń dá rìn wọ inú omi lọ. Lójú tiwa, ìmúra àdúrà nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ohun tí ẹni tí kò fẹ́ padà máa ń fi sílẹ̀ ni.

Ó bi mí pé ṣé mo fẹ́ pa ara mi lára ni.

Auntie ti ń sáré bọ̀ látòkè pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́. "No, no! It's prayer!" ló ń pariwo. "We are praying, my dear! Church people!"

Obìnrin náà kò tilẹ̀ wo Auntie. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n èmi lòun ń bi. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn tó tutù, ó fi aṣọ ìbora bò mí léjìká, ó sì dúró. Láti ọdún kan ààbọ̀, àìmọye èèyàn ló ti bi mí pé ṣé àlàáfíà ni, tí wọ́n ti kọjá kí n tó lanu. Eléyìí dúró.

Mo ní, "I don't know."

Mo tún sọ ọ́ ní Yorùbá fún Auntie kó má bàa ṣiyèméjì. "Auntie, mi ò mọ̀. Nígbà tí mo wọlé, àdúrà ni. Nígbà tó yá, mi ò mọ ohun tó jẹ́ mọ́."

Àbẹ́là bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ àti iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ó mú bàtà mi, ó fi wọ̀ mí, ọ̀tún, òsì, tòun ti sùtánà lọ́rùn mi.

"Auntie, sùtánà," ni mo wí.

"Dákẹ́," ló wí. "Òkun ni wòlíì rí. Kò rí ọ. Èmi tá a jọ ń jẹun, èmi náà ò rí ọ." Ó gbé fóònù mi fún mi. "Pe ìyá rẹ."

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́."

"Pè é."

Ìyá mi gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí: iṣẹ́ tó ti lọ, lẹ́tà, àwọn ọjọ́ tí mo fi parọ́, wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé, mo sì ti wọ inú omi lónìí tó jẹ́ pé èèyàn ló fà mí jáde. Mo gbọ́ tí ìyá mi fa àga, ó jókòó.

"Ìwọ nìkan lo wá ń gbé e kiri láti ìgbà yẹn?" ló wí.

"Ojú ló ń tì mí, mà. Gbogbo àwọn tó sìn mí jáde."

"Àwọn wo? Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Mẹ́ta ti wà nínú ilẹ̀. Nínú àwọn tó ń pè mí ní Ìyá London yẹn, èwo ló máa bá mi sin ẹ̀kẹrin?" Ohùn rẹ̀ já, ó tún un gbé. "Ìkirè ò tíì kó lọ. Ilé yìí ò tíì wó. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi ni mo ní kí o má padà wá?"

Obìnrin ẹ̀ṣọ́ náà ṣì di èjìká mi mú, kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí à ń sọ. Simi ti dé, ó ń sunkún.

Mo ní, "Rárá, mà. Ẹ̀yin kọ́."